Eyín Inú Oórì

“Ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí oórì yìí,” ni Títílọpẹ́ wí, ó sì tún ẹní rẹ̀ tẹ́ sáàárín yàrá.

Yàrá náà ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Abẹ́ ẹní ọ̀hún ni wọ́n sin bàbá tó tẹ ilé náà dó sí, ó ti ju ọgọ́fà ọdún lọ, nígbà tí inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Àwọn mẹ́ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà: Bàbá Kọ́ládé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, Dókítà Abdullateef tó ń wádìí àrùn àtijọ́ ní Òṣogbo, àti Rùkáyà, òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó gbé kúlà dání. Eyín òkú ni wọ́n bá wá sí abúlé yìí, lẹ́yìn Ìwáràjà. Àrùn tó bá pa ènìyàn a máa fi àmì sílẹ̀ nínú eyín rẹ̀, àmì tí wọ́n ń pè ní DNA, Dókítà sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

“Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà,” ni Bàbá Kọ́ládé wí. “A fẹ́ ẹ wá sí ulé yìí ni, a ò bí i síbẹ̀. Ìyàwó ulé kì í dá sí ọ̀rọ̀ oórì. Èmi ti fọwọ́ síwèé.”

Òótọ́ ló sọ. Ojú ìfọwọ́sí kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé Dókítà, ti olórí ẹbí. Kò sí ẹni tó rántí ẹni tó ń sùn lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́.

Títílọpẹ́ fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ikọ́ gbé e. Ó hú u títí ó fi di àyà mú, ó sì tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú àkísà kan. Rùkáyà rí àkísà náà. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

“Ukọ́ yìí ti pé oṣù mẹ́ta,” ni obìnrin náà wí nígbà tó rí ohùn. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ibi ìtọ́jú. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ti tán, kí n ṣì máa lọ ná. Ẹ̀yin lè mọ ohun tó pa òkú. Ẹ bá mi yẹ tèmi wò, màá dìde fún yín.”

Dókítà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń rín sí àwọn olówó tó ń gbọ́ bùkátà ìwádìí rẹ̀.

“Ṣé ìyẹn náà ni, Màmá? Ìnṣá Allah, a ó ṣe é. Bí ti bàbá bá ti jáde, tiyín náà á jáde.”

Ó fún un ní ìgò kékeré kan. Títílọpẹ́ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀, ó dé e pa, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ara ìgò náà mọ́ kí ó tó gbé e fún Rùkáyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló ká ẹní rẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n bo ẹnu àti imú. Eyín mẹ́rin ni wọ́n rí. Dókítà gbà wọ́n bí ẹni gba ọmọ tuntun jòjòló.

“Rọra,” ló ń sọ fún Rùkáyà. “Má mí sí i lára.”

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, tí wọ́n dé oríta Ìwáràjà, ó dẹ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní kí Rùkáyà gbé ìgò obìnrin yẹn wá. Ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé sínú igbó.

“Ọ̀gá, ṣebí ẹ ṣèlérí fún un.”

“Kí lo fẹ́ kí n wí? Ó jókòó lé iṣẹ́ mi lórí. Ìwọ náà mọ̀ pé nǹkan alààyè ò gbọdọ̀ wọ yàrá ìwádìí wa. Ìgò kan péré lè ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́.”

Rùkáyà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwọn, èémí alààyè ni ọ̀tá, torí pé DNA tuntun a máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé wọ́n ń yẹ ikọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo, nítòsí Old Garage tó ti ń wọ mọ́tò lọ sílé ní Ìdó-Ọ̀ṣun lójoojúmọ́. Òun ì bá gbé ìgò náà débẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ Dókítà ni ìwé tí wọn yóò fi gbà á síṣẹ́ pátápátá wà, ìyẹn ló fi gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ojú ara rẹ̀ tì í títí wọ́n fi dé Iléṣà.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, èsì jáde. Ikọ́ ife ló pa bàbá náà. Dókítà kó kámẹ́rà àti bánà lọ sí abúlé, torí òfin ìwádìí ni pé kí ẹbí gbọ́ èsì òkú wọn. Bàbá Kọ́ládé wọ agbádá tuntun. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Rùkáyà wá Títílọpẹ́ láàárín èrò, kò rí i. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi ojú jọ ọ́ ló rí. Ìléríolúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ Títílọpẹ́, tó fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀ ní Iléṣà wá tọ́jú ìyá rẹ̀.

“Màmá ńkọ́?”

“Ẹ̀yìnkùlé la sin wọ́n sí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,” ni Ìléríolúwa dáhùn. “Mo ní kí n gbé wọn lọ sí Òṣogbo, kí wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹ ti gbé tàwọn lọ pẹ̀lú ti bàbá, pé kò ní pẹ́ jáde mọ́. Kò sí mọ́tò tó yà wọ abúlé yìí tí wọn ò jáde wò, títí ẹsẹ̀ wọn ò fi gbé wọn mọ́.” Ó wo kúlà ọwọ́ Rùkáyà. “Ṣé ẹ mú èsì wọn wá, àǹtí?”

“Kò sí èsì,” ni Rùkáyà wí. “Ọjọ́ yẹn gan-an la jù ú nù ní Ìwáràjà. Mo wà níbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.”

Ìléríolúwa yí ẹ̀yìn sí i.

Lábẹ́ bánà, Bàbá Kọ́ládé ti ń ròyìn ikú náà fún Dókítà, ojú Dókítà sì ti là.

“Ilé kan náà, ikọ́ kan náà? Níbo lẹ sin ín sí?” Ó fa ìwé yọ. “Bí a bá rí eyín tiẹ̀ náà, a lè fi tòní wé tàtijọ́.”

“Ìyàwó ulé wa ni, èmi ni mo ni ín,” ni Bàbá Kọ́ládé wí. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Ìléríolúwa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé lọ, ó mú àdá jáde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó lórí erùpẹ̀ pupa oórì ìyá rẹ̀, ó gbé àdá náà lé itan. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

“Ọmọ yìí, dìde níbẹ̀,” ni Bàbá Kọ́ládé wí. Kò wò ó.

Dókítà súnmọ́ ọn, ó nawọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Fún àǹfààní gbogbo wa ni.”

Ìléríolúwa la ẹnu láti dá a lóhùn, ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ó hú u, ó tún hú u, títí ó fi tẹ̀ ba sórí àdá. Dókítà fi ọwọ́ bo imú, ó sì ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fẹ̀yìn rìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri ilé.