Ẹkún Inú Oko Obì

Ẹni tó bá tún dúró níwájú mi tó ní egbére ló ń sunkún nínú oko obì wa, ọwọ́ òsì ni màá fi júwe ilé bàbá rẹ̀ fún un. Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù, obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù, ṣùgbọ́n Ìlárá Rẹ́mọ ni mò ń gbé, létí oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún èmi àti Kàmọ́rù àbúrò mi. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń fi iwin dẹ́rù bà.

Ikhlas ni ọmọ ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ mi. Hàmdálátù ọmọ mi, ìyá rẹ̀, gbé e sílẹ̀ fún mi, ó ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Oman, òun ò ní pẹ́ dé. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń pè wá lórí fóònù. Nígbà tó yá, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń bi mí pé, "Màmá, ṣé mọ́mì mi ń bọ̀?" Èmi náà á ní, "Ó ń bọ̀ jàre, lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ." Inú ń bí mi sí Hàmdálátù, àyà mi sì ń já nítorí rẹ̀.

Nígbà tí a ń ká obì lọ́dún tó kọjá, mo ṣí ewé tó bo ẹnu agbọ̀n kan nílé, mo rí i pé kì í ṣe obì nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹranko kékeré kan ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ojú rẹ̀ tóbi gan-an, ọwọ́ rẹ̀ sì rí bí ọwọ́ ọmọ tuntun, ó fi di ewé mú.

"Ta ló kó èyí wọlé?" mo bèèrè.

Ikhlas ń wo ilẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Orí ẹ̀ka ni mo ti rí i. Òun nìkan ló wà níbẹ̀."

"Lọ dá a padà kí n tó ṣẹ́jú."

"Wọ́n já òun náà sílẹ̀ ni," ó wí.

Òun náà. Mo dìde, mo lọ po mílíìkì, a ń fi òwú kán an sí ẹranko náà lẹ́nu.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí oòrùn bá ti wọ̀, nǹkan kan á ké lórí igi obì tó sún mọ́ fèrèsé, bí ọmọ ọwọ́ gẹ́lẹ́. Á dákẹ́, á tún ké. Kàmọ́rù gbọ́ ọ, ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa nípa egbére: ó kúrú, ẹkún ló ń sun kiri, ó sì gbé ẹní dání. Wọ́n ní ẹni tó bá já ẹní náà gbà, tó sì fara da ẹkún rẹ̀, á di olówó. Kàmọ́rù, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, gba èyí gbọ́ dénú.

"Ẹ̀gbọ́n, orí ló gbé e wá bá wa o," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n gba ẹní yẹn."

"Ẹní tí o sùn lé mọ́jú ńkọ́, ṣé o ti ká a?" mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń ṣa òkúta jọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ikhlas ti lọ sílé ìwé, Kàmọ́rù gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó di òkú ẹranko kan mú ní ìrù.

"Kò ní ẹní," ó wí.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ńlá kan náà ni, ọwọ́ kan náà pẹ̀lú ti inú agbọ̀n. Mo yí i padà. Ọmú rẹ̀ kún, wàrà ti rin irun àyà rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọmọ rẹ̀ ló ń pè, Kàmọ́rù. Inú ilé wa ni ọmọ rẹ̀ wà."

Ó mú ọkọ́, ó lọ sin ín.

Ní ọ̀sán, Ikhlas sáré ti ilé ìwé dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ti bi àǹtí Adétóun, olùkọ́ wọn, nípa ẹranko náà.

"Màmá, wọ́n ní búṣì-bébì ló ń jẹ́. Àwọn ìbátan rẹ̀, lẹ́múrì, wà ní Madagásíkà. Wọ́n ń gé igbó wọn bí wọ́n ṣe ń gé tiwa lọ́nà Ògìjó, wọ́n sì ti fẹ́ tán. Eyín ìsàlẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń ya irun, bí òòyà. Tiwa yìí máa ń tọ̀ sọ́wọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè di igi mú dáadáa."

"Ó ń tọ̀ sọ́wọ́? Kó má fọwọ́ kan ìkòkò mi o," mo wí.

"Àti pé kì í já ọmọ sílẹ̀, Màmá. Ẹnu ló fi ń gbé e sórí ẹ̀ka, á wá lọ wá oúnjẹ, á sì padà wá gbé e. Mo tún bi àǹtí, wọ́n ní ó máa ń padà."

Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Ó gbé agbọ̀n, ó kọrí sí oko, mo ń tẹ̀ lé e, mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ fún un. Ó gbé ọmọ ẹranko náà sórí ẹ̀ka tó ti rí i, ó ní kí n wá jókòó, kí n má sọ̀rọ̀, kí ìyá rẹ̀ má bàa sá. A jókòó. Oòrùn wọ̀. Ọmọ orí ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

"Ó ti pẹ́ jù," Ikhlas wí.

Mo fà á mọ́ra. "Kò ní wá mọ́, ọmọ mi. Bàbá Kàmọ́rù sọ ọ́ lókò pa láàárọ̀. Wọ́n rò pé egbére ni."

Kò sunkún. Èmi ni mò ń sunkún. Ó gbójú sókè wo ẹ̀ka náà.

"Ṣé òun ló ń ké lẹ́yìn ilé wa?"

"Òun ni."

"Ó padà wá nígbà yẹn."

"Ó padà wá."

Ó gbé ọmọ náà sínú agbọ̀n, a ń lọ sílé. Kàmọ́rù wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba. Ikhlas kọjá lára rẹ̀ láìkí i, ó di ìró mi mú, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Kàmọ́rù gbọ́.

"Màmá, tí mọ́mì mi bá dé, tí wọ́n ń pè mí níta, ẹ má jẹ́ kí Bàbá Kàmọ́rù kọ́kọ́ gbọ́ o."

Mo ní mi ò ní jẹ́.