Yíìsì Kẹtàdínlógún

Gbogbo èèyàn ló ń pàtẹ́wọ́ ní láàbù, yàrá ìwádìí yunifásítì kan nílùú òyìnbó, lọ́jọ́ náà, àfi ọkùnrin kan. Láàárín orí àti èjìká tó kún yàrá bámúbámú ni ojú Fọláwẹ̀mí ti ko tirẹ̀, àyà rẹ̀ sì já pà. Ojú ọ̀hún jinlẹ̀, ó lè mú ọmọbìnrin gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò pàtẹ́wọ́? Ó kàn ń fa imú bí ajá ọdẹ tó gbóòórùn ẹran ni.

Fọláwẹ̀mí ni wọ́n ń yẹ́ sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi ń wá yíìsì, ẹbí èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, nínú omi odò kan tó ń ṣàn láti ara òkè ayọnáyèéfín ní Argentina, omi tó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Oríṣi mẹ́rìndínlógún ló ti rí. Ní January ọdún 1987 yìí, ìkẹtàdínlógún yọjú nínú àwo pẹlẹbẹ rẹ̀, funfun báláú. Ẹnikẹ́ni ò rí i rí nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Dókítà Andrew, ọ̀gá rẹ̀, ní bí àwọn bá ti gbé e jáde nínú ìwé ìwádìí, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ti di tirẹ̀.

Bánjọ lorúkọ ọkùnrin tí kò pàtẹ́wọ́ náà. Yunifásítì Salford ló ti wá, láti wá wọn iyọ̀ àti irin inú omi ọ̀hún. Láti ọjọ́ yẹn, Fọláwẹ̀mí ò gbádùn mọ́. Bó bá yí ọrùn báyìí, Bánjọ nìyẹn lẹ́bàá àpótí gbígbóná tí wọ́n ti ń tọ́ yíìsì. Bó bá lọ mu tíì, kó tó dé, ilẹ̀kùn àpótí á ti ṣí díẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ jí iṣẹ́ òun gbé? Àbí ó ti rí ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá?

Àṣírí wà níbẹ̀. Yàrá tí Fọláwẹ̀mí ń gbé ládùúgbò Fallowfield tutù bíi yìnyín. Láti November, àgbàdo tó rẹ fún ògì kọ̀, kò kan. Ló bá faṣọ wé ike ògì, ó rọra tì í sísàlẹ̀ àpótí láàbù. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó kan. Ó ti ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Lọ́jọ́ Friday kan, ó ká Bánjọ mọ́ ibẹ̀, tó forí bọ inú àpótí.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ ń jí?"

Bánjọ ta gìrì, ó forí gbá irin. "Yéè! Èmi? Jí kẹ̀?"

"Ẹ má purọ́ fún mi. Ta ló rán yín?"

"Imú mi ló rán mi." Ó ń fọwọ́ ra orí, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá ológì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún mi. Ó di ọdún méjì tí mo ti mu ògì gbígbóná kẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yín ni mo ti ń gbóòórùn ẹ̀. Àmọ́ bí mo bá tọ òórùn náà lọ, àwo yín ni mò ń bá."

"Àwo mi wo?"

"Èyí tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Ògì ló ń rùn."

Fọláwẹ̀mí gbé àwo náà sí imú: ṣé yíìsì ògì òun ló ti wọnú rẹ̀? Gbogbo bó ṣe ń ṣọ́ ẹni ẹlẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kò ṣọ́.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fún yíìsì inú omi ògì àti ti inú àwo lóríṣi ṣúgà mẹ́wàá: èyí tí ọ̀kan jẹ lèkejì jẹ, èyí tí ọ̀kan kọ̀ lèkejì kọ̀. Bánjọ bá a wá àpótí mìíràn ní Salford, èyí tí ògì ò dé inú rẹ̀ rí. Wọ́n ṣí ìgò omi odò tuntun síbẹ̀. Oríṣi mẹ́rìndínlógún péré ló hù; ti ògì ni ìkẹtàdínlógún.

"Ta ló máa mọ̀?" Bánjọ sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ó ń wojú rẹ̀. "Èmi ò ní sọ, Fọláwẹ̀mí. Láéláé."

Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ṣé ìfẹ́ nìyí àbí okùn ọrùn? Bí ọkùnrin yìí bá ní kí òun wá di aya rẹ̀ lọ́la, báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ìbẹ̀rù lòun fi jẹ́ ẹ́ hẹn?

Lọ́jọ́ Monday, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fọláwẹ̀mí dé ẹnu ọ̀nà Dókítà Andrew tó padà. Nígbà kẹrin, ó wọlé pẹ̀lú lẹ́tà tó fi jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ògì náà.

"Lẹ́tà kẹ̀?" ni ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé owó oṣù lo fẹ́ kí n fi kún?"

"Ẹ kà á báyìí, sà, kí n tó sá lọ."

Ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí i, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni pé ilé ló wà, ọ̀gá sì gbà á.