Kiatékà Inú Ọpọlọ

Láàárọ̀ Alámísì kan ní 1997, nọ́ọ̀sì dín afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún ọkọ mi kù níṣojú mi. Mi ò bá a jà. Mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ ní Muṣin, mo gbé ọ́síjìn tèmi sórí ọmọlanke.

Wẹ́dà ni mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni mo dúró sí tí mo ń wò wọ́n, títí mo fi mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó gbé sàláńsà mọ́tò ẹ̀ wá kí n jó o pọ̀.

Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí jáàkì yọ̀ lábẹ́ mọ́tò tí Múrítàlá, ọkọ mi, ń tún ṣe, tí irin gbá a lórí, tí kò tíì lajú. Wọ́n ti sọ fún wa pé ọpọlọ tó wú ń wá afẹ́fẹ́, kò rí i tó. Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Odidi sìlíńdà ọ́síjìn kan tí mo fi ń jó irin, kíkún, wà lọ́wọ́ mi.

Bọ̀ọ̀dá Dàda, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló bá mi ti ọmọlanke dé ọsibítù Ìdí-Àràbà. "Ìyàwó, ṣé wọ́n á jẹ́ ká wọlé báyìí?"

"Ẹ sáà máa tì í."

Dókítà Kòfowórọlá ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó wo sìlíńdà, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀ dòní.

"Àǹtí, kí lẹ gbé wá?"

"Ohun tí ẹ gbà lẹ́nu ọkọ mi ni."

"A ò gbà á. Ẹ̀rọ tó wà níka ọwọ́ wọn ló sọ pé ó ti tó. Tí ẹ bá ń jó irin, tí ẹ ṣí ọ́síjìn sílẹ̀ pátápátá, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"



"Irin á jóná ni. Kò ní lẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá Dàda húkọ́. "Ìyàwó, wọ́n mú ẹ."

"Ta ló bi yín?"

Dókítà fà mí jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ní purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, ara kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó pa á rẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dín, ó dúró nìyẹn, á máa pàṣẹ: ẹ la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀, ẹ fi ìwọ̀nba ṣúgà yìí ṣe é, ẹ má kú.

"Èèyàn dáadáa ni nígbà yẹn."

"Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn jiyàn lé lórí nìyẹn. Àwọn kan rí i pé bí ìyà àìrí afẹ́fẹ́ náà bá pẹ́ jù, ó máa ń gbè sẹ́yìn ohun tó ń ní kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pa ara ẹ̀."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó pe orúkọ òyìnbó gígùn kan. Ó ní kò tíì pẹ́ tí wọ́n rí i, kò lórúkọ lédè wa.

"Kiatékà ni," mo ní. "Ẹni tó ń bá lánlọ́ọ̀dù wa mójú tó ilé. Tí omi ò bá yọ, òun ló máa sáré pe tánkà, táá ní kálukú fi garawa kan ṣe é. Tó bá pé oṣù kan tómi ò yọ, òun náà ló ń pín ìwé ẹ-kó-jáde."

Ó wá rẹ́rìn-ín wàyí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀. "Ká tún omi ṣe kó tó pín ìwé, ohun tí à ń ṣe nìyẹn."

"Ṣé ọkọ mi á jí?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kú kì í padà, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n máa mú lọ."

A ti ọmọlanke padà sílé.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Múrítàlá lajú. Ó wò mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, omi."

Bọ̀ọ̀dá Dàda kọjú sí ògiri. Mo fún un lómi.

"Sìdíkàt lorúkọ mi. Ìyàwó ẹ ni mí."

Ó wo ọwọ́ mi tí iná ti bù jẹ káàkiri. "Ta ló bá mi fẹ́ ẹ?"

"Ìwọ fúnra ẹ lo wá bẹ̀ mí."

"Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"O bẹ̀ mí títí ó fi sú mi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, oorun tún gbé e lọ. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ń to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú mi: ọjọ́ tá a pàdé, aṣọ tó wọ̀, èébú tí mo kọ́kọ́ bú u. Tó bá jí, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.