Orin Tí Aqeelah Ti Pa Rẹ́

Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọdé àdúgbò sì hó yèè bí ìṣe wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni Aqeelah wà, ó ń bẹ iṣu. Kí ariwo wọn tó rọlẹ̀ ló gbọ́ tí orin bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Òun nìkan ló sì wà nílé.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin Mùrí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni: Mùrí tí mọ́tò kọlù lórí ọ̀kadà lọ́nà Kuta lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sin kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Aqeelah fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa orin yẹn rẹ́ nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn fìdáù, nítorí kò lè gbọ́ ọ kí omi má bọ́ lójú rẹ̀.

Síkúẹ́ńsà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Kò ní ohùn tirẹ̀. Orin tí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ sínú rẹ̀ ló ń gbé pamọ́, tí yóò sì máa gba wáyà MIDI rán an sí kíbọ́ọ̀dù pé kó kọ ọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n jọ ń lò ó fún àwọn eléré tó ń wá gba orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun ti mú Aqeelah mọ́ àwọn tó ń bá wọn dán fámùwíà béta wò, ìyẹn ètò tuntun tó ń ṣe bí ọpọlọ fún ẹ̀rọ, kí wọ́n tó tú u síta fún gbogbo ayé. Tirẹ̀ ni kó lò ó, kó wá ibi tó kù sí, kó sì jíṣẹ́ fún wọn. Àná ọjọ́ yẹn ló gbé èyí tuntun wọ inú ẹ̀rọ náà.

Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń tẹ ẹyin, ó rọra ṣí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kankan. Iná ara ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú, kíbọ́ọ̀dù ń kọrin, ojú ẹ̀rọ sì kọ ọ́ gbangba pé àyè tó ń kọrin yẹn ṣófo.

“Aúsùbílláhì!” Ó fa wáyà iná rẹ̀ yọ.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá òun kò pa á rẹ́ dáadáa. Ó fi wáyà náà padà, kò jẹ́ kí orin náà lọ jìnnà kó tó tún pa á rẹ́, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ kò sùn dáadáa. Gbogbo Ìwó ń bẹ Ọlọ́run pé kí iná dé, òun ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì dé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀, Hàbíbátù, ń sọ gààrí tó rà ní Olúpọ̀nnà kalẹ̀ ní fàráńdà nígbà tí iná dé. Orin bẹ̀rẹ̀. Ìyá dúró gbagidi.

“Aqeelah, ta ló ń kọ orin ẹ̀gbọ́n rẹ?”

Aqeelah ti ń rò pé bóyá etí òun ló ń tan òun jẹ.

“Ẹ̀rọ ni, Màámi. Mo ti pa á rẹ́.”

“O pa á rẹ́, ó tún ń dún?” Ìyá káwọ́ lérí. “Gbé e jáde nílé yìí! Jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe Ááfà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ṣe é.”

Ó kọ̀wé sí wọn, ọ̀kan nínú wọn sì tètè fèsì. Ó ní kó jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀, kó sì fi fóònù ká fídíò rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn lè rí i. Àṣìṣe ẹ̀rọ lásán ni lójú tiwọn. Wọn kò bá a sin òkú kankan.

Aqeelah kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. “Màámi, mi ò lè dá wà níbẹ̀. Ẹ bá mi jókòó.”

Ìyá wò ó títí. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ó hàn lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó mú tẹ̀sùbáà, ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní.

Aqeelah gbé fóònù kọjú sí ẹ̀rọ, ó pa súwíìṣì ara ògiri. Nígbà tó fẹ́ tàn án padà, ìka rẹ̀ kọ̀ kò lọ.

“Bísímílà,” ni ìyá wí. “Tẹ̀ ẹ́.”

Orin bẹ̀rẹ̀. Ìyá di apá Aqeelah mú pinpin. Nígbà tó dé ibi tí Mùrí ti máa ń kánjú ṣáájú ìlù, ìyá mí kanlẹ̀. “Ìwàǹwára ọmọ yìí,” ló wí, omi sì dà lójú rẹ̀.

Aqeelah fi fídíò náà ránṣẹ́, ìdáhùn sì dé lálẹ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá pa orin rẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ń yọ. Orin ṣì wà nísàlẹ̀ títí òmíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ètò tuntun ló ń ṣìnà lọ kà á bí iná bá ti dé. Àwọn yóò fi ètò àtúnṣe tí yóò gbá ìsàlẹ̀ náà mọ́ ránṣẹ́.

Aqeelah ka iṣẹ́ náà tán, ẹ̀rù mìíràn sì mú un. Bí ó bá tẹ ohun kan tó ṣèèṣì gorí orin yẹn ńkọ́? Kò tẹ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, ó so wáyà MIDI mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó lè máa gba orin náà bó ṣe ń dún, ó tan súwíìṣì, tìyátọmọ sì jókòó gbọ́ ọ títí orin fi dópin. Gbogbo rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà pátá.

Lẹ́yìn náà ló gbé ètò àtúnṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ wọ inú ẹ̀rọ. Nígbà tí iná lọ tó tún dé, yàrá dákẹ́.

“Kò dún mọ́?” ni ìyá béèrè láti fàráńdà.

“Kò dún mọ́, Màámi.”

Ó pẹ́ kí Aqeelah tó tún gbọ́ ìró abọ́ tí ìyá fi ń wọn gààrí.