Ìlà Tí Bàbá Tẹ̀

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu Bàbá Télọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbọ́ràn, òun náà sì ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tún ti ń jẹrà. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, gbé kọ̀ǹpútà kan síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó to ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sójú kọ̀ǹpútà náà, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: omi, ìrora, òtútù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí Bàbá bá fi máòsì tẹ̀, ẹ̀rọ á pè é síta.

Ẹ̀rọ ń pè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpèkúpè ló ń pè. Ó ní "ìrora", nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ dé, Bàbá ń tì í dànù. Ó ní "òtútù", wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, òógùn bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nìyẹn o!

"Bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́," ni ẹ̀gbọ́n Àbígbẹ̀yìn ọkùnrin wí. "Dókítà ní tí wọn ò bá gé ẹsẹ̀ tó ń jẹrà yìí lónìí, ikú ni. Tó bá di aago mẹ́rin, màá buwọ́ lùwé pé kí wọ́n gé e."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ná."

"Ta lo fẹ́ bi? Bàbá tó ń pariwo òtútù nínú ooru yìí?"

Aago méjì ti kọjá. Àbígbẹ̀yìn ka ètò tó kọ láti òkè délẹ̀, kò rí àléébù kankan. Díẹ̀ ló kù kó la kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀. Ṣé iṣẹ́ tó fi ń yangàn káàkiri ló máa dójú tì í níwájú baba tó bí i? Nígbà tí kò mọ ohun tó tún lè ṣe, ó tẹjú mọ́ ìka Bàbá. Bàbá gbé ọfà máòsì lọ sórí "omi", ó tẹ̀ ẹ́. Kó tó gbé ìka kúrò, ọwọ́ gbọ̀n, ọfà yọ̀ bọ́ sórí "ìrora" tó wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí ìka bá kúrò ni ètò rẹ̀ máa ń dáhùn, ìlà tí ọfà bá sì wà lórí rẹ̀ nígbà náà ló ń pè. Bàbá tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò, ìrora ló ń ké sí wọn.

"Háà, Bàbá mi! Ọjọ́ mẹ́ta!"

Ó fi ṣíbí fún un lómi, Bàbá ń gbé e mì wàràwàrà. Ó ń sunkún, ó ń tún ètò kọ: gbàrà tí ìka bá ti tẹ ìlà, kí ẹ̀rọ ti dáhùn. Ó pa ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ́, ó fi méjì péré rọ́pò wọn, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá".

Dókítà dé, ó fẹ́ dán ẹ̀rọ náà wò. "Bàbá, ṣé obìnrin yìí ni àkọ́bí yín?"

"Rárá," ni ẹ̀rọ wí.

"Ṣé iṣẹ́ télọ̀ lẹ ń ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnu ya Dókítà. Inú Àbígbẹ̀yìn dùn, bíi kó fò sókè. Dókítà wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà fún Bàbá, kò sì fi ti ikú bò. "Ṣé ká gé e?"

"Rárá."

Ó tún bi í. "Rárá."

Ó ti dá Àbígbẹ̀yìn lójú pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni Bàbá máa tẹ̀. Torí ìyẹn ló ṣe ń sáré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i, báírò lọ́wọ́, omi lójú.

"Àbúrò, ẹ̀rọ yẹn ti tún ṣe tiẹ̀ dé, àbí? Sọ pé ó ti bàjẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà, Bàbá á yè. Bàbá ń wò ó, kò ṣẹ́jú.

"Kò bàjẹ́," ló wí. "Ohun tí Bàbá sọ nìyẹn."