Bùláńkẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Fi Bo Aláròyé

Bí ilẹ̀kùn aránṣọ bá ti dún báyìí, Aláròyé, odídẹrẹ́ rẹ̀, á ní, "Ta nìyẹn?" bí ẹni pé òun ló kọ́lé. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, aránṣọ ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Òórùn fílíìtì ló pàdé rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ní òun fẹ́ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì ti di ará ilé, ń gbá òkú aáyán jọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti bá yín ṣẹ́gun ọ̀tá o!"

"Ẹyẹ mi ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo bò ó dáadáa kí n tó fín fílíìtì. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé àgò ẹyẹ náà látòkè délẹ̀. Ṣebí ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ olè àti onílé pọ̀ nìyẹn: fílíìtì ráyè wọlé, kò wá rọ́nà jáde. Aránṣọ fa aṣọ náà dànù. Aláròyé wà nílẹ̀ àgò, ó lanu sílẹ̀, bó ṣe ń mí ni ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Orí burúkú wo ló gbé ọ wọlé mi? Ṣé ojú ni wọ́n fi ń mí ni, tí o fi bò ó lójú?"

Ó sáré lọ ṣí fèrèsé. Kó tó yíjú padà, àbúrò ti di ẹnu ẹyẹ mú, ó ti gbé ṣíbí mílíìkì dání.

"Mílíìkì ń pa oró, ẹ̀gbọ́n mi!"

Aránṣọ gbá ṣíbí náà fò. Mílíìkì ta sára aṣọ oníbàárà.

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run! Ẹni tí kò rí èémí mí, o tún fẹ́ fi omi pa á?"

Ó gbé àgò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Wọ́n gbé ẹyẹ sínú àpótí tí atẹ́gùn ń wọ̀. Àbúrò tẹ̀ lé e débẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Ẹyẹ kan ṣoṣo náà ni o."

"Ẹnu rẹ ló yẹ kí o fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò."

Nígbà tó pẹ́, dókítà jáde sí wọn. "Ó ń mí. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò sùn. Àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ò le bíi tiwa, ohun tó ń mú yín sín lásán lè pa á. Níbi tó bá ń gbé, kò gbọdọ̀ sí fílíìtì, kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí lọ́fínńdà."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, páálí sìgá yọrí lápò rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Kò kúkú kú! Inú rere ni mo fi ṣe é."

Aránṣọ wo páálí sìgá náà, ó dìde, ó kọrí sílé. Ìbínú tó bá pariwo ṣì ń bọ̀ wá rọ̀. Èyí tó dákẹ́ ni kí á sá fún.

Wọ́n délé. Aránṣọ ká ẹní àbúrò, ó gbé ìgò lọ́fínńdà rẹ̀ lé e, ó kó gbogbo rẹ̀ síta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ẹyẹ?"

"Yàrá kan ni mo ní. Ẹ̀yin méjèèjì ò lè jọ gbé ibẹ̀. Ẹyẹ ò mọ ọ̀nà ilé ìyá wa. Ìwọ mọ̀ ọ́n."

Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó ń fọ ilẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ló ń ha.