Ẹ̀wà Tó Kọ̀ Tí Kò Tanná

Ọdún tí ojú Télọ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba oko. Ilẹ̀ náà kò tóbi. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń kó ẹja yìnyín pamọ́ sí ló wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló fún un ní irúgbìn ẹ̀wà. Gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò ló mọ ẹ̀gbọ́n yìí. Ẹni tó bá ń wá irúgbìn tí kò ní dójú tì í, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ, òun náà kì í sì í dá ẹnikẹ́ni padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀wà Télọ̀ hù. Ó fà, ó lọ́ mọ́ra, ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ọ̀sẹ̀ kẹfà kọjá, kò sí òdòdó. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ewé. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ewé náà ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odò lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ gbìn lọ́jọ́ kan náà ti ń ká tirẹ̀.

Àwọn tó ń kọjá kò jẹ́ kó sinmi. "Télọ̀, ṣé ewé yìí lẹ fẹ́ fi rán ṣòkòtò fún wa ni?"

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín níjọ́ kìíní. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣèpàdé, àgbàlagbà á ká ẹsẹ̀ kò sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Ibẹ̀ ni Télọ̀ ti dìde lójú gbogbo ayé.

"Akọ ẹ̀wà lẹ fún mi! Ẹ ṣa èyí tó dáa fún ara yín, ẹ wá kó akọ fún ọmọ ìyá yín."

"Inú kèrègbè kan náà ni mo ti bu tèmi àti tìẹ," ni ẹ̀gbọ́n fèsì. "Jẹ́ ká jọ dé oko ọ̀hún, ká rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀."

"Ẹ ò ní fẹsẹ̀ tẹ oko mi. Ọ̀dàlẹ̀ ni yín!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ń fọwọ́ wá fìlà kiri orí bẹ́ǹṣì, bẹ́ẹ̀ fìlà wà lórí rẹ̀. Ó jáde.

Láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń gba irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ilé rẹ̀. Kò pẹ́, àyà ń dùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ pe Télọ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, Télọ̀ ní ọwọ́ òun dí. Lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ń tọ́jú akọ tó fún mi." Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n kú. Télọ̀ lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀yìn èrò ló dúró sí.

Ọjọ́ kẹrin ìsìnkú ni obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì àgbẹ̀, ó ń yẹ oko kiri. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó la àárín ewé já, kò pẹ́ tó fi ń pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Bàbá! Ta ló sọ pé ẹ̀wà yín ò so?"

Télọ̀ kò dé ìsàlẹ̀ yìí rí láti ìgbà tó ti roko. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìbínú kò sì jẹ́ kó rìn ju orí oko lọ. Ó ń táràrà bọ̀ lẹ́yìn ahéré páànù àtijọ́ kan tó wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ẹ̀wà gbígbẹ. Ó ń dún ṣaaṣaa nínú èèpo.

"Iná gàgàrà orí ògiri yẹn," ni obìnrin náà bi í, "ṣé wọ́n máa ń pa á?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọn kì í pa á."

"Ẹ ò rí i! Bí òru bá ṣe gùn tó ni ẹ̀wà yìí fi ń mọ̀ pé àsìkò tó. Lójú tiẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbìn ín. Iná tí wọ́n ń tàn ni ò jẹ́ kó tanná. Èyí tí òjìji ahéré bò rí òkùnkùn, ó so."

Ó mú un dé igun tí ẹ̀rọ ilé ẹja ti ń fẹ́ ooru jáde. Òdòdó gbígbẹ kún ilẹ̀. "Iná ò dé igun yìí, òun náà rí òkùnkùn, ó yọ òdòdó, àmọ́ ooru ò jẹ́ kó dúró. Bí òru bá gbóná jù, òdòdó á já kó tó di èso."

"Irúgbìn ńkọ́?" ni Télọ̀ bi í.

"Irúgbìn yín ò ní àléébù kankan. Ta ló fún yín? Mo fẹ́ lọ gbà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Télọ̀ ṣẹ́rí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ń ká aṣọ olóògbé sínú àpótí. Télọ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ohunkóhun pamọ́.

"Iná ni?" ni obìnrin náà wí.

"Iná ni, ìyàwó wa. Iná àti ooru."

Ó tẹ́ ṣòkòtò kan lé itan, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ. "Irúgbìn ló ń ṣà lórí ibùsùn tó kú sí. Á gbé ẹyọ kan súnmọ́ ojú, á ní, 'Bóyá èmi ni mo ṣàṣìṣe lóòótọ́.' Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó kú, ó ní kí n dáná sun gbogbo ẹ̀, kó má baà ba oko ẹlòmíì jẹ́. Mo sun ún."

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Obìnrin tó ti ń pè é ní "ọkọ mi" láti ọgbọ̀n ọdún wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ dìde, Télọ̀. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ti lọ."

Ó gbé àpótí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Télọ̀ gbin ìwọ̀nba ẹ̀wà tó ká lẹ́yìn ahéré sí ilẹ̀ mìíràn tó jìnnà sí ògiri. Ó tanná, ó so wìtìwìtì. Ó ká a tán, ó jókòó ti àpò ẹ̀wà náà lórí ebè, kò mọ ẹni tí òun yóò pè wá wò ó.